Ẹnu Àyìndé

Nínú dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó ìwé-ẹ̀rí ìbí àti káàdì ìdìbò sí, ọ̀rá búrẹ́dì mẹ́ta wà níbẹ̀. Òfìfo ni wọ́n. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí okùn bí aṣọ, mo ká wọn, mo wá tẹ́ wọn sábẹ́ gbogbo ìwé pàtàkì ilé wa. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ilé búrẹ́dì tí à ń rà lọ́wọ́ wọn pààrọ̀ àwòrán ara ọ̀rá wọn. Búrẹ́dì ò yí padà o. Ìyá tó ń gbé e kiri láàárọ̀ ò yí padà. Lẹ́tà pupa ara ọ̀rá ni wọ́n sọ di aláwọ̀ ewé. Ọmọ mi wo ọ̀rá, ó wo ojú mi, ó dìde nídìí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi búrẹ́dì kan ẹnu. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rántí ọ̀rá ńlá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, èyí tí gbogbo ilé máa ń kó ọ̀rá kéékèèké sí láìmọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo tú u, mo rí ọ̀rá àtijọ́ mẹ́fà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jí kí Àyìndé tó jí, kí n lè gbé búrẹ́dì tuntun wọ inú ọ̀rá àtijọ́.

Aládùúgbò wa kan bá mi níbi tí mo ti ń sá ọ̀rá lókùn, ó béèrè bóyá mo fẹ́ máa di gúgúrú tà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn ju àlàyé lọ.

Ìlọrin là ń gbé. Àyìndé, bí mo ṣe máa pè é níbí, ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ó ní ọ́tísíìmù, pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà. Nígbà tí àwọn òbí bíi tiwa bá pàdé, ọ̀rọ̀ sísọ la máa ń bára wa sọ: ṣé tiyín ti ń pe “Mọ́mì”? Ilé-ìwé wo ló gbà á? Ta ni wọ́n ní ó ń gbàdúrà tó ń gbà? A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ti oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ogun oúnjẹ máa ń wá bá mi nínú ilé mi, àtàárọ̀ dé alẹ́, kò sí ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀.

Nígbà náà, nǹkan márùn-ún péré ló ń jẹ. Inú búrẹ́dì, láìsí èèpo. Ọ̀gì àgbàdo funfun. Ọ̀gì bàbà kò gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀. Ìrẹsì tí ọbẹ̀ ò kàn. Nọ́ọ̀dù tí mo ti fi omi fọ ata àti epo rẹ̀ dànù. Bisikíìtì Cabin, ní odindi. Bí igun rẹ̀ bá ti kán, ó ti di ohun ìdọ̀tí nìyẹn. Omi ńkọ́? Ife búlúù kan ṣoṣo ló ń fi mu ún, ó sì mọ ife náà yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀ tí a jọ rà lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wá fi èyí sínú ìlú tí a wà. Ìlú túwó àti gbẹ̀gìrì, ìlú tí sàráà kì í ti í wọ́n. Ọmọ tó ń di imú bí wọ́n bá gbé àwo ẹran díńdín kọjá, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe pé a ba ọmọ náà jẹ́? Nọ́ọ̀sì kan sọ ọ́ sí mi lójú ní ilé ìwòsàn kan tí a gbé e lọ: “Àkẹ́jù ni. Ẹ jẹ́ kí ebi pa á fún ọjọ́ méjì, ẹ ó rí i bóyá kò ní jẹ àmàlà.” Èmi náà gbà á gbọ́. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo sì rò pé kò sí inú tí òwe náà kò mọ̀.

Mo dán an wò. Àmàlà láàárọ̀, àmàlà lọ́sàn-án, mo tún gbé e kalẹ̀ lálẹ́. Àyìndé mu omi nínú ife rẹ̀, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ tó máa ń jókòó sí, ó ń yí táyà mọ́tò ìṣeré rẹ̀. Kò sunkún, kò wá mi wá, kò tọ́ka sí ibi tí búrẹ́dì wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ètè rẹ̀ ti bó, ọwọ́ rẹ̀ tutù, èmi ni mò ń sunkún. Ó ṣe kí n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í gbọ́ iṣẹ́ tí inú ń rán sí ọpọlọ bí àwa ṣe ń gbọ́ ọ. Ebi lè pa wọ́n kí wọ́n má mọ̀ pé ebi ni. Ó lè jọ orí fífọ́ lójú wọn, ó sì lè jọ ìbínú. Àwọn míì wà tí wọn ò ní jẹun títí wọn ó fi dé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Òwe yẹn ò purọ́, àmọ́ inú tó mọ̀ pé ebi ti wọlé ló ń bá wí.

Ohun tó tún ṣòro fún mi láti kọ ni ọ̀rọ̀ rírọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbègbè wa mọ̀ ọ́n. Ìyá á na ẹsẹ̀ lórí ẹní, á gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí abọ́ sí ẹnu ọmọ, á da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Bí ọmọ ò bá gbé e mì, ọwọ́ náà á bo imú díẹ̀, títí ọmọ á fi gbé e mì kó tó rí èémí. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí wá sí Kwara níbí, wọ́n jókòó ti àwọn ìyá ní abúlé, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe rọ èmi náà nìyẹn. Bí Alhaja, ìyá ọkọ mi, ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí Àyìndé wà ní oṣù mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é pẹ̀lú ìkà. Ọmọ tó ń kú lójoojúmọ́ láyé ìgbà náà pọ̀, ìyá tó bá sì rí i pé oúnjẹ wọ ikùn ọmọ òun lè fojú ba oorun. Àmọ́ Yorùbá kan náà ló sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Àyìndé ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Àǹtí wo ọmọ tó ń jẹ inú búrẹ́dì, wọ́n mi orí. “Ìyá Àyìndé, ẹ ò rí egungun àyà ọmọ yìí ni? Ẹ gbé ẹní wá.” Wọ́n ti lọ ẹ̀wà mọ́ ẹ̀kọ. Àǹtí di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi di orí rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọmọ oṣù mẹ́fà. Ó lágbára, ó mọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ̀kẹta tí mo da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ó gba imú jáde, ó ń húkọ́, àwọ̀ ètè rẹ̀ yí padà, ojú rẹ̀ sì ń wò mí. Ọmọ tí wọ́n ní kì í wo èèyàn lójú. Ó wò mí lójú dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ó mí. Ó sùn. Ṣùgbọ́n fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá ti na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ì báà ṣe ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ já, yóò sáré kúrò nínú yàrá.

Mo ti ronú sí i gan-an, ohun tí mo sì rí kò dùn ún sọ. Ọjọ́ Sátidé ni. Àǹtí ń lọ lọ́jọ́ Sunday. Mo fẹ́ kí wọ́n délé kí wọ́n sọ fún àwọn ará ilé pé ọmọ náà ń jẹun, pé ìyàwó wa ń gbìyànjú. Ìjẹun Àyìndé ni mo fẹ́ fi ra orúkọ ara mi padà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé àwo kalẹ̀ tí ọkàn mi sì ń gbóná, mo máa ń bi ara mi pé ta ni mò ń bọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa àwọn ọmọ 11, ọ̀kan lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù lónìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ sísọ àti àdáwà ni mo máa bá níbẹ̀. Oúnjẹ ni mo bá. Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ 11 náà ló ti ní ìṣòro oúnjẹ tó le láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìkókó. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń da oúnjẹ sí i nínú títí ó fi pé ọmọ ọdún kan. Donald Triplett, ọmọ Mississippi tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, kì í ṣojú kòkòrò sí súìtì àti áísìkirimù tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lá níwájú rẹ̀. Kanner ka oúnjẹ sí ohun àkọ́kọ́ tí ayé ń gbé wọlé tọ ọmọ lọ láìgbàṣẹ. Mo ka ibẹ̀, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo rántí orí ẹní wa. (Kanner kan náà ló wá sọ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn òbí wọ̀nyí tutù sí ọmọ wọn. Ẹ̀bi ìyá kì í pẹ́ délé.)

Ní ọdún 2013 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ sí irú àìjẹun tó le báyìí nínú DSM-5, ìwé ńlá tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀. ARFID ni wọ́n pè é: kí ènìyàn má lè jẹun nítorí bí oúnjẹ ṣe rí lára rẹ̀, tàbí nítorí ìbẹ̀rù, tàbí nítorí pé kò wù ú rárá, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ rù. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló ní in. Ìwé kan náà ló kọ́kọ́ ka bí ariwo, òórùn àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára wọn mọ́ àmì ọ́tísíìmù. Ní ọdún yẹn náà ni olùwádìí kan, William Sharp, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ìṣòro oúnjẹ láàárín àwọn ọmọ yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti àwọn ọmọ yòókù, àti pé kálísíọ̀mù àti purotéènì ló máa ń dín kù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ bá mi fi kálísíọ̀mù àti purotéènì sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìwé yìí, ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ti wá yé mi. Mo bu ọbẹ̀ ata sí ṣíbí kan, mo sì gbìyànjú láti jẹ ẹ́ bí Àyìndé. Kóró ata kan lẹ̀ mọ́ eyín. Àlùbọ́sà gùn bí okùn. Orí edé gún mi ní àjà ẹnu. Epo ń yọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni gbígbóná ata wá dé láti ẹ̀yìn bí olè. Ìyàlẹ́nu márùn-ún nínú ṣíbí kan! Ìdí tí èmi àti ẹ̀yin fi fẹ́ràn ọbẹ̀ nìyẹn, ìdí náà sì ni ọmọ yìí fi ń sá. Ewédú ńkọ́? Ohun tó ń fà láti inú àwo dé ètè láìjá, tí o kò lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àmàlà àná kọ́ ni àmàlà òní: ó sinmi lórí èlùbọ́, lórí iná, lórí ẹni tó rò ó. Ṣùgbọ́n bisikíìtì tó jẹ lọ́dún tó kọjá àti èyí tó jẹ láàárọ̀ yìí, ìbejì ni wọ́n. Kò sí èyí tó máa dà á. A máa ń sọ pé àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn oúnjẹ inú páálí nítorí adùn rẹ̀. Lójú tèmi, ìwà rẹ̀ tí kì í yí padà ni wọ́n fẹ́ràn.

Mo mọ èyí, mo sì tún ṣìṣe.

Àwọn olùwádìí tó wá sí Kwara yẹn ò kàn wo rírọ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n bá àwọn ìyá ibẹ̀ jókòó, wọ́n jọ ṣe ẹ̀kọ kan tó lọ́ràá ju ẹ̀kọ lásán lọ, wọ́n pè é ní ẹ̀kọ ìlera: ìyẹ̀fun ẹ̀wà, epo pupa àti ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ọgbọ́n gidi ni. Ohun tó wà nílé ni, kò ná ìyá ní owó ńlá. Ní Òṣòdì náà, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO ti ṣe ọ̀gì alásóyà ní tiwọn. Mo ní, áà, ọ̀gì ni ọmọ mi ń mu tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí. Mo din ẹ̀wà, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo kán epo pupa sí i, díẹ̀ báyìí, mo po ó títí. Mo lọ edé kíún mọ́ ọn nítorí ojúkòkòrò. Mo gbé e kalẹ̀ nínú abọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Àyìndé kò tíì fi ṣíbí kàn án tó fi mọ̀. Ọ̀gì funfun ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, òórùn edé ti dé. Ó fi ìka kan ti abọ́ náà síwájú títí ó fi bọ́ sílẹ̀ ní etí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, kò mu ọ̀gì mọ́. Kì í ṣe ọ̀gì aládàlù nìkan. Gbogbo ọ̀gì. Oṣù méje. Mo ti fọwọ́ ara mi dín márùn-ún kù sí mẹ́rin. Ọ̀gì jẹ́ ohun kan tó ń gbà lọ́wọ́ mi láìyẹ̀ ẹ́ wò, mo sì fi ṣe pańpẹ́. Àwọn òbí tó ń sọ pé ká máa fi ẹ̀fọ́ pamọ́ sínú oúnjẹ irú ọmọ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ka iye oúnjẹ tí ẹ lè pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Lórí WhatsApp, kò sí oṣù tí ẹnìkan kì í sọ fún wa pé ká yọ àlìkámà àti wàrà màlúù kúrò nínú oúnjẹ ọmọ, pé ọ́tísíìmù á lọ. Bí dókítà bá sọ pé ara ọmọ kan kò gba àlìkámà, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn England sọ́nà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 2013 pé kí wọ́n má lo irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ láti fi tọ́jú ọ́tísíìmù fúnra rẹ̀. Tèmi ò tilẹ̀ gba ìwé púpọ̀. Ẹ̀kọ, àmàlà, iyán, ẹ̀bà, túwó àgbàdo: kò sí àlìkámà nínú ọ̀kankan. Bí àìjẹ àlìkámà bá ń lé ọ́tísíìmù lọ, kò yẹ kó ti mọ ọ̀nà ilé àwọn ìyá wa àgbà rárá. Ọmọ tó ń jẹ nǹkan mẹ́rin, tí ẹ bá yọ búrẹ́dì, nọ́ọ̀dù àti bisikíìtì, kí ló kù? Ìrẹsì. Ẹ fún un ní ìrẹsì títí ayé, kí ẹ sì máa retí iṣẹ́ ìyanu.

Wàrà ló gbà wá. Ó dùn mọ́ mi láti kọ ọ́.

Kálísíọ̀mù àti purotéènì ni dókítà ń dààmú lé lórí, Àyìndé sì ti kọ mílíìkì látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ọjọ́ kan ni mo ń wo bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì. Ó máa ń tẹ inú rẹ̀ mọ́ra láàárín ìka títí yóò fi le bí rọ́bà, kó tó jù ú sẹ́nu. Funfun, tó le díẹ̀, tó ń ta padà bí o bá tẹ̀ ẹ́. Ibo ni mo ti mọ nǹkan báyìí? Mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú ilé ìdáná. Ìlọrin mà ni mo wà! Lẹ́bàá ọjà Ìpàtà, ìyá Fúlàní kan wà tí mo ti ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lọ́kọ. Mílíìkì màlúù tí wọ́n gbé kaná, tí wọ́n fi omi ewé bòmubòmu mú dì, tí wọ́n sì fi agbọ̀n kékeré ṣe bí òkìtì. Mo rà á láìsí iyọ̀, mo tún un sè nílé, mo gé e sí ìwọ̀n tí Àyìndé máa ń tẹ búrẹ́dì rẹ̀ sí.

N kò gbé e sínú àwo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀gì ò tíì kúrò lára mi. Mo fi ẹyọ kan sínú àwo pẹlẹbẹ, mo gbé e sí òpin tábìlì kejì, búrẹ́dì rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Mo jókòó, mo ń jẹ tèmi, mo ń wo fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dìde lọ jẹ búrẹ́dì rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sún àwo náà mọ́ ọn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó sún un padà. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó fi ìka kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ta padà, ó tún un tẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mẹ́wàá, ohun ìṣeré ni wàrà, ó ń fún un, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń gbé e sórí mọ́tò rẹ̀ bí ẹrù. Bàbá rẹ̀ bi mí bóyá owó wàrà ò ti tó owó ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó lá a. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó gé e jẹ, ó tu ú dànù, mo fà á nù, n kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, lọ́jọ́ Tuesday kan tí kò sí iná, ó gé e jẹ, mo gbọ́ bó ṣe ń dún kín-ín-kín láàárín eyín rẹ̀, ó gbé e mì. Ó mú òmíràn.

N kò pàtẹ́wọ́. Mo ti mọ̀ pé bí mo bá pariwo, ariwo náà á di ara adùn wàrà, kò sì ní fẹ́ ẹ mọ́. Mo dìde, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ ìnura bo ẹnu, mo ké “Alhamdulillahi” síbẹ̀ títí ohùn mi fi há.

Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, ló pín iṣẹ́ tábìlì sí méjì: òbí ló ń yan ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́, ọmọ ló ń yan bóyá òun máa jẹ àti ìwọ̀n tí òun máa jẹ. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá wo ló ń yan bóyá òun máa jẹun? Ní báyìí, bí ilé wa ṣe ń rìn nìyẹn, pẹ̀lú àfikún kan tí ọmọ bíi tèmi fi yàtọ̀: ohun kan tó mọ̀ gbọ́dọ̀ máa wà nínú àwo náà nígbà gbogbo. Ohun tuntun lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ kàn án, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Kí ẹ má rò pé ó ti tán. Nǹkan mẹ́sàn-án ló ń jẹ báyìí. Ọ̀gì ti padà, funfun bí òwú. Wàrà wà, funfun ẹyin wà (pupa rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀), iṣu sísè wà bí kò bá ní ojú dúdú, àti ẹ̀kọ tútù tí mo bá tú ewé rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Èso kankan ò sí níbẹ̀. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, mo ti gbé gbogbo wọn sí òpin tábìlì, ibẹ̀ ni wọ́n rọ sí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọlọ́tísíìmù tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n tí wọn ò fi lè rìn mọ́, tí wọ́n ń wá àìsàn ńlá kiri lára wọn, tó sì jẹ́ pé àìrí fítámìnì C ni, àìsàn tí à ń gbọ́ nínú ìtàn àwọn atukọ̀ ojú òkun. Nítorí náà, Àyìndé ń lo fítámìnì tí dókítà kọ fún un. Níṣojú rẹ̀ ni mo ń rọ ọ́ sí ṣíbí, mo sì ń sọ fún un pé kò dùn. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ń wọn ìwọ̀n rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí kọ́kọ́ béèrè nípa ìgbẹ́ àti eyín rẹ̀ kó tó béèrè nípa oúnjẹ, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́: ọjọ́ mẹ́rin ni inú rẹ̀ ti dì, eyín ẹ̀yìn kan ti ní ihò. Ta ni yóò fẹ́ jẹun?

Ọ̀rọ̀ ti ilé-ìwé kò gùn. Olùkọ́ kan pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ti ọmọ mìíràn “kó lè mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jẹ”. Ó padà wálé láìjẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, kó tó di pé ọ̀rọ̀ náà yé mi. Olùkọ́ mìíràn ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí.

Búrẹ́dì ṣì ń dààmú wa. Láti ọdún 2023 tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, ilé búrẹ́dì wa ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Àyìndé mọ̀. Ó gbé ẹyọ kan sókè, ó fi wé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀rá bóyá òun náà ti kéré. Mo sọ fún un pé òótọ́ ni, wọ́n ti gé e kù. Ó jẹ ẹ́.

Alhaja ló pẹ́ jù kí ó tó gbà. N kò dá wọn lẹ́bi. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀ ni wọ́n mọ̀, àwọn ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn rọ dàgbà. Ní Iléyá méjì sẹ́yìn, wọ́n fa ẹran àgbò ya, wọ́n ń fi sí ètè Àyìndé níwájú gbogbo ẹbí. Ó bì, ó sì sá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi àti Alhaja ò bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ kan tí n kò retí wọn, wọ́n bá Àyìndé nídìí tábìlì. Wọ́n jókòó ti òpin kejì, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n mú ẹyọ wàrà kan, wọ́n ń jẹ ẹ́. Àyìndé wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ó sún àwo náà mọ́ wọn, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Iléyá tún ku ọ̀sẹ̀ kan. Fóònù mi dún lánàá, ariwo ọjà pọ̀ lẹ́yìn ohùn wọn.

“Ìyàwó mi, ọjà ni mo wà. Ṣé wàrà tó le ni ọmọ mi ń jẹ ni, àbí èyí tó rọ̀?”

“Èyí tó le díẹ̀ ni, Alhaja. Èyí tí wọn ò tíì fi iyọ̀ sí.”

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe yíjú sí oníwàrà, tí wọ́n ń fi Hausa àti Yorùbá bá a jà pọ̀: iyọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kàn án o, ó sì gbọdọ̀ funfun, kó fi èyí tó wà nísàlẹ̀ hàn wọ́n.